Agbádá Tí Ọkọ̀ Òfurufú Jó

Ṣììììì!

Kí Mọ́ṣúdù alágbàfọ̀ tó mọ̀ pé aṣọ ló ń rùn sí òun nímú, àyọ́nù eléèédú ti jókòó sí ẹ̀yìn agbádá, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ bí àna tó wá kí èèyàn.

Ó gbé e sókè. Èéfín rú túú!

"Yéè! Mo gbé!"

Aṣọ tí mò ń wí yìí kì í ṣe aṣọ yẹpẹrẹ o. Agbádá sányán Ọ̀gá Ayẹni ni. Ọ̀gá Ayẹni yìí, ẹ̀dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Èkìtì tó kọ́lé sí Bódìjà. Bàbá tó bí i ló fi agbádá náà sílẹ̀ fún un. Kì í jẹ́ kí omi kàn án, kì í jẹ́ kí oòrùn pa á, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ló ń gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Mọ́ṣúdù ní Agbowó pé kó bá òun lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́.

Kí ló wá fa jàǹbá? Bọ́ọ̀lù ni. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ ló ní Ṣútìn Sítáàsì ò mọ bọ́ọ̀lù gbá mọ́. Mọ́ṣúdù gbé ojú kúrò lórí aṣọ, ó ní onítọ̀hún ò mọ nǹkan kan, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù fún un láti orí gólì wá sí iwájú. Orúkọ kẹjọ ló dé tí èéfín fi rú.

Ìyàwó rẹ̀, Lateefat, tó ń ta ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà, gbọ́ òórùn.

"Bàbá Ràfíù, kí ló ń jó?"

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan ló ń yọ èéfín?"

Ó yọjú. Ó rí i. Ojú jíjó náà ṣóńṣó níwájú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn. Ọmọ ọdún méjì tó bá rí i á ní, "Àyọ́nù!"

Lateefat káwọ́ lérí. "Háà! Agbádá ará Èkìtì! Ẹ ti dé ibi sàréè nìyẹn."

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ẹni tó bá ba agbádá yìí jẹ́, Ọ̀gá Ayẹni kì í pè é lẹ́jọ́, kì í lù ú. Á kàn ṣílẹ̀kùn Peugeot 504 rẹ̀ fún un ni, ó di Èkìtì, ó di ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá rẹ̀. Á ní, "Kúnlẹ̀. Fẹnu ara rẹ sọ ohun tí o fi aṣọ rẹ̀ ṣe fún un." Á wá fi olúwarẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òun àti òkú, títí òótọ́ á fi jáde.

Télọ̀ kan wà ní Mọ́kọ́lá tó ran ọrùn agbádá náà wọ́. Wọ́n gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó padà dé, ó ta máṣíìnì rẹ̀, ó di awakọ̀. Bí ẹ bá bi í pé kí lojú rẹ̀ rí, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa wa mọ́tò mi jàre."

Mọ́ṣúdù rèé, ẹ̀rù òkú máa ń bà á ju bó ṣe yẹ lọ. Bí adìẹ bá kú ní àgbàlá wọn, ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ló ń sá sí.

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Ajé ni Ọ̀gá Ayẹni ń bọ̀ wá gba aṣọ.

Mọ́ṣúdù fi ọ̀rá wé agbádá. Ó tú u. Ó tún wé e. Ó da omi sí i lórí, ó rántí pé omi ò gbọdọ̀ kàn án, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Ó fi ègé aṣọ kan tó jọ ọ́ láwọ̀ lé ojú jíjó náà bóyá á bò ó. Ó wá rí bí ẹni tó lé bàǹdéèjì mọ́ ẹni tó ti kú.

Àmọ́ ẹ má bẹ̀rù fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni rédíò sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọkọ̀ òfurufú ológun méjì yóò fò wá dárà lójú ọ̀run Ìbàdàn. Wọn yóò máa ta iná sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Kí ará ìlú má fòyà. Òkè níbẹ̀ ni iná náà ń kú sí, kò lè jó ohunkóhun nílẹ̀."

Mọ́ṣúdù gbọ́ "ta iná sílẹ̀." Kò gbọ́ èyí tó kù. Inú rẹ̀ ti dùn jù, etí ti di.

"Lateefat!"

"Kí ló tún jó?"

"Kò sí nǹkan tó jó. Mo ti rí ẹni tó jó aṣọ ni!"

Ẹ̀rín ń pa mí!

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá kò tíì lù tí Mọ́ṣúdù fi sá agbádá Ọ̀gá Ayẹni sórí okùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, láàárín ogún aṣọ mìíràn. Ó ká ibi tó jó sínú dáadáa. Ó wá gbé ohùn sókè sí Moróunkẹ́ onígaàrí tó wà ní òdìkejì títì.

"Moróunkẹ́! Ẹ bá mi wo aṣọ Ọ̀gá Ayẹni! Ẹ wò ó bó ṣe pé! Ẹ wò ó, kò sí ibì kan tó jó lára rẹ̀!"

"Ta ló ní ó jó?"

"Mo kàn ní kẹ́ ẹ wò ó ni."

"Mo ti wò ó. Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

Aago mẹ́wàá lọ. Ọkọ̀ òfurufú kò dé. Mọ́kànlá lọ, kò dé. Mọ́ṣúdù gbójú sókè títí ọrùn rẹ̀ fi gan. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, ohun gbogbo rí bíi ti ẹni tó ń wo ìlú látinú ife wàrà. Nǹkan dúdú kan fò kọjá lókè.

"Ó ti dé!"

Igún ni.

"Ẹ bá mi pe igún náà," ni Lateefat wí, "bóyá ó lè bá yín jó o."

Ìgbà tó di aago kan lé díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi...

GBÀÀÀÀÀÙ!

Ilẹ̀ mì. Páànù mì. Eyín tí wọ́n fi irin kọ́ mọ́ bàbá kan lẹ́nu mì. Ọkọ̀ méjì bẹ́ jáde látinú ọyẹ́, wọ́n ń lé ara wọn bí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ fẹ́ gba ẹran kan ṣoṣo. Wọ́n gba orí Agbowó kọjá, wọ́n forí lé ọ̀nà Ring Road níbi tí àwọn ẹni ńlá jókòó sí ní pápá ìṣeré.

Ẹ wo Agbowó! Sáà tí à ń wí yìí, ìjọba ṣọ́jà la wà, inú ọdún 1996, kálukú ti ń retí láburú tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì ń pariwo, "Coup don land o! Run!" Ọlọ́kadà kan já ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, ọ̀kadà ń dá nìkan lọ, òun náà ń sá lọ sí apá kejì. Moróunkẹ́ wọ inú àpò gààrí, ó fa ẹnu àpò pọ̀ látinú.

Pàù! Pàù! Pàù! Pàù!

Iná funfun tú jáde lábẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ kejì náà ta tirẹ̀. Wọ́n ń tàn yòò, wọ́n ń fa èéfín lẹ́yìn, wọ́n rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lókèèrè réré.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró ní gbogbo Agbowó. Mọ́ṣúdù. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ tún ta sí i! Ẹ má ṣahun!"

Iná náà kú sókè. Ọ̀kan kú, èkejì kú, gbogbo wọn kú pátá. Èyí tó sún mọ́ ilẹ̀ jù nínú wọn kò sún mọ́ òpó iná mànàmáná kankan. Mọ́ṣúdù ka ení, ó ka èjì, ó wá fi igbe ta.

"Yéè! Agbádá Ọ̀gá Ayẹni! Wọ́n ti jó o!"

Moróunkẹ́ yọrí jáde látinú àpò, ojú rẹ̀ funfun kínníkínní. "Ó bà á ni?"

"Ẹ wá wò ó! Ẹ̀yin náà rí i láàárọ̀ pé kò jó!"

"Mo rí i," ni Moróunkẹ́ wí. "Ẹ sì pariwo rẹ̀."

Lateefat dúró títí èèyàn fi tú ká. Ó wá sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ràfíù, iná tó kú lókè Ring Road ló jó aṣọ ní Agbowó?"

"Atẹ́gùn ló gbé e wá."

"Aṣọ mọ́kànlélógún ló wà lórí okùn. Atẹ́gùn wá mọ ti ará Èkìtì láàárín wọn?"

"Atẹ́gùn ò ní ẹbí."

"Ṣé ẹ lè fi Kùránì búra?"

"Ta ló ní kí n búra? Ṣé ilé ẹjọ́ la wà ni?"

Ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Ayẹni dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú Peugeot pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ àti ọ̀pá rẹ̀. Mọ́ṣúdù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi orí kan ilẹ̀, láti ibẹ̀ ló ti rọ́ ìtàn. Ọkọ̀ méjì, iná, atẹ́gùn, okùn aṣọ. Kò gbé ojú sókè títí tó fi parí rẹ̀.

Ohun tí Mọ́ṣúdù kò mọ̀ ni pé Ọ̀gá Ayẹni wà ní pápá ìṣeré lọ́jọ́ náà, ní ìlà iwájú, láàárín àwọn ẹni ńlá. Nígbà tí iná àkọ́kọ́ tú jáde, bàbá yìí ti wà lábẹ́ àga ìyàwó kọmíṣọ́nnà kan. Bàtà rẹ̀ kan ló yọ síta. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ẹni tó máa gbà pé iná yẹn burú.

"Dìde!" ni Ọ̀gá Ayẹni wí. Ojú rẹ̀ ń tàn. "Mo mọ̀ ọ́n! Iná burúkú ni! Àwọn kan ń fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní kò lè pa eṣinṣin! Gbé aṣọ wá kí n rí i."

Ó fi gíláàsì wò ó. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Kí ló dé tó fi ṣóńṣó níwájú báyìí?"

"Eré tó ń sá bọ̀ ni, sà. Ohun tó bá ń sáré gbọ́dọ̀ ṣóńṣó níwájú. Ẹ wo imú ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀, sà."

"Òótọ́ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́ ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n fi so ó mọ́ ọkọ̀, sà."

"O lọ́pọlọ," ni Ọ̀gá Ayẹni wí. "Ì bá jẹ́ pé mo kọ́ ẹ níléèwé, ò bá ti di dókítà."

Mọ́ṣúdù ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dímásítà ni ẹ̀dímásítà ń jẹ́. Bó bá ti rí bébà, ó di dandan kó kọ ọ́. Ó fa bírò yọ lápò.

"Mo máa kọ̀wé sí àwọn ológun òfurufú. Ẹ̀dà mẹ́ta. Wọ́n gbọ́dọ̀ rán èèyàn wá wo aṣọ bàbá mi. Ọ̀dọ̀ rẹ ni aṣọ náà máa wà títí wọn á fi dé, ìwọ sì ni ẹlẹ́rìí mi."

"Sà?"

"Ẹlẹ́rìí mi. Bí wọ́n bá sọ pé irọ́ ni, èmi àti ìwọ jọ ń lọ sí Èkìtì nìyẹn. A máa bi ẹni tó ni aṣọ."

Gbogbo ẹ̀rín kúrò lójú Mọ́ṣúdù. Láti ọjọ́ náà, bí jíípù bá kọjá ní Agbowó, á wọ abẹ́ tábìlì. Oúnjẹ ò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó ń lá àlá bàbá àgbà kan tó wọ agbádá tó ní ihò lẹ́yìn, tó ń bi í pé, "Atẹ́gùn wo?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Wọ́n dé.

Jíípù kan ló ṣáájú. Ọ̀gá Ayẹni ń tẹ̀ lé e bọ̀ nínú Peugeot rẹ̀ bí ọba. Ẹni tó wa jíípù ni ọ̀gá ológun òfurufú kan, Akínsànyà, ọ̀dọ́kùnrin tó ga, tó gbé àpò kékeré kan dání, tí ojú rẹ̀ sì korò bí ẹni tó sin ìyá rẹ̀ láàárọ̀.

Mọ́ṣúdù ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó rí wọn. Àyọ́nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, èédú inú rẹ̀ pọ́n bẹlẹjẹ. Ojú rẹ̀ lọ sára àyọ́nù, ó lọ sára ṣọ́jà. Ó sọ lọ́kàn rẹ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá fi lè rí àyọ́nù yìí nítòsí agbádá yẹn, ó parí. Kò sí ibi tó lè gbé e pamọ́ sí. Ó gbé e lé orí àga ìjókòó, ó dojú rẹ̀ sókè kí àga má bàa jó, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó.

"Ìwọ ni alágbàfọ̀?" ni Akínsànyà bi í.

"Èmi ni, sà. Ẹ káàbọ̀, sà."

"Gbé agbádá wá."

Ó gbé e wá. Akínsànyà wo ibi tó jó, ó mí kanlẹ̀, omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá," ló wí fún Ọ̀gá Ayẹni, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Èmi gan-an ni mo wà nínú ọkọ̀ kejì lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ta iná."

"Ìwọ!"

"Èmi ni, sà. Kì í sì í ṣe tiyín nìkan." Ó ṣí àpò rẹ̀, ó fa ṣòkòtò ológun kan yọ. Ní ìdí ṣòkòtò náà, ojú jíjó kan wà. Ó ṣóńṣó níwájú, ó tẹ́ lẹ́yìn. "Tèmi rèé. Alágbàfọ̀ mi ní Challenge ló sọ fún mi pé èmi fúnra mi ni mo jó o láti òkè. Mo gbà á gbọ́. Mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá mi pé ọwọ́ mi ò gún mọ́. Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní bírò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń bínú sí ara mi."

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ gbà mí!

"Ibi mẹ́sàn-án ni mo ti dé," ni Akínsànyà ń bá a lọ. "Mo dé Àpáta. Mo dé Àpẹ̀tẹ̀. Mo dé Àkóbọ̀. Ohun kan ni ò yé mi. Òrùlé kankan ò jó. Igi kankan ò jó. Ewúrẹ́ kankan ò jó. Aṣọ nìkan ni. Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ nìkan ni."

Àyà Mọ́ṣúdù já pà! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Gbogbo alágbàfọ̀ Ìbàdàn ló gbọ́ rédíò kan náà.

Akínsànyà bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ṣọ́ọ̀bù yíká. Ó wo tábìlì. Ó wo garawa. Ó wo àpò èédú. Ojú rẹ̀ dúró lórí àpò èédú.

"Alágbàfọ̀, kí ló wà lábẹ́ aṣọ tó wà lórí àga yẹn?"

"Kò sí nǹkan, sà!"

"Kò sí nǹkan ló ń yọ èéfín?"

Lateefat gbọ́ gbólóhùn náà láti ẹnu ọ̀nà, ó dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Mọ́ṣúdù rí i pé yóò ṣí aṣọ yẹn. Ó rí Peugeot. Ó rí Èkìtì. Ó rí sàréè. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí ìdí padà, ó jókòó lé e.

Ṣìììììììì!

"YÉÈÈÈÈÈ!"

Ẹ ò tíì rí ènìyàn fò rí. Ọkọ̀ òfurufú méjèèjì ọjọ́sí kò fò tó bẹ́ẹ̀. Mọ́ṣúdù fò kọjá lórí tábìlì, ó fò kọjá lórí garawa, ó bọ́ síta, ó dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gààrí Moróunkẹ́, ó gbé ìdí sókè sí gbogbo Agbowó.

Gbogbo Agbowó sì rí i. Ní ìdí ṣòkòtò rẹ̀ gan-an ló wà. Ó ṣóńṣó níwájú. Ó tẹ́ lẹ́yìn. Ó tún ń rú èéfín.

Ọ̀gá Ayẹni dé ibẹ̀ pẹ̀lú agbádá. Akínsànyà dé pẹ̀lú ṣòkòtò ológun. Wọ́n tẹ́ agbádá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí Mọ́ṣúdù, wọ́n tẹ́ ṣòkòtò sí apá kejì. Wọ́n wo àkọ́kọ́. Wọ́n wo èkejì. Wọ́n wo ẹ̀kẹta.

Mọ́ṣúdù gbórí sókè díẹ̀. Ó na ìka sí ojú ọ̀run.

"Sà! Wọ́n tún ti ta òmíràn!"

Ẹ má bínú sí ọ̀gá ológun yẹn o. Ó gbójú sókè lóòótọ́! Ọ̀run mọ́ kedere. Igún kan ṣoṣo ló ń fò kọjá.

"Mọ́ṣúdù," ni Ọ̀gá Ayẹni wí jẹ́jẹ́, "wọ inú mọ́tò."

Akínsànyà ká ṣòkòtò rẹ̀ sínú àpò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé àyè ṣì wà nínú mọ́tò yín? Mo ní alágbàfọ̀ mẹ́sàn-án mìíràn."

"Kó wọn wá sí Bódìjà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni bàbá mi ń gbọ́ ẹjọ́."

Bí wọ́n ṣe mú ọ̀nà Èkìtì pọ̀n nìyẹn. Mọ́ṣúdù ò lè jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè dìde nínú Peugeot. Lórí ìkúnlẹ̀ ló wà lórí àga ẹ̀yìn láti Ìbàdàn, ó kọjú sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó ń wo ọ̀nà ilé bó ṣe ń jìnnà sí i. Àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn ń juwọ́ sí i, òun náà ń juwọ́.

Wọ́n dé ibi sàréè. Koríko, òkúta, ìdákẹ́rọ́rọ́. Ọ̀gá Ayẹni tẹ́ agbádá sórí sàréè, ó yí ihò náà sókè.

"Kúnlẹ̀."

"Mo ti ń kúnlẹ̀ bọ̀ láti Ìbàdàn, sà."

"Sọ òótọ́ fún un. Bàbá mi ò gbọ́ àwáwí rí láyé rẹ̀." Ó yí padà, ó lọ dúró sí ìdí mọ́tò.

Ó wá ku Mọ́ṣúdù àti òkú. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó ti la ẹnu láti jẹ́wọ́, "Bàbá, àyọ́nù mi ni," ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n, nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sára ohun tí wọ́n kọ sí òkúta sàréè náà. Bàbá yìí ti kú láti ọdún 1922.

Ara Mọ́ṣúdù balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó súnmọ́ òkúta náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí ilé fún àgbà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá. Bàbá, ǹjẹ́ wọ́n ti sọ fún yín pé irin ti ń fò báyìí?"